VVVVVV, Bloxorz, Snakebird, Portal: èwo lẹ máa mú nínú gèémù ìrònú mẹ́rin yìí?

Nígbà tí a wà lọ́mọdé ní Àkúrẹ́, tí a bá ti fi èédú ya sùwé sílẹ̀, ohun kan ṣoṣo ló ń sọ ọ́ di eré: ẹsẹ̀ kan lèèyàn gbọ́dọ̀ fi tò ó. Ẹni tó bá fi ẹsẹ̀ méjì rìn ín kọjá kò ṣe nǹkan kan, ta ni kò lè rìn? Òfin tí a fi de ẹsẹ̀ yẹn gan-an ni eré. Títí di òní, irú gèémù tó máa ń mú mi lọ́kàn jù ni èyí tó kọ́kọ́ gba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹsẹ̀ èèyàn, tó wá ní kó ṣì dé ibi tó ń lọ.

Lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, àbúrò mi tó wà ní FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà ní Àkúrẹ́, bi mí pé: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi wá gèémù tí mo lè ṣe parí kí ìdánwò tó wọlé dé. Kó le o, ṣùgbọ́n kó má gùn. Kó má sì jẹ́ èyí tí èèyàn kàn ń sáré, tó ń fò, tó ń yìnbọn." Mo mọ mẹ́rin tó bá ohun tó ń wá mu, mo sì ti ṣe mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé wọn ò jọra rárá. Èyí tó dùn mọ́ ẹnì kan lè sú ẹlòmíràn láàárín wákàtí kan. Ohun tí mo sọ fún un rèé, mo kàn fẹ̀ ẹ́ lójú sí i fún ẹni tó bá wà nírú ipò rẹ̀.

Méjì kan wà tí mi ò kó mọ́ wọn. Baba Is You, tí Arvi Teikari ará Finland gbé jáde lọ́dún 2019, dára gan-an, àmọ́ ìpele rẹ̀ lé ní 200, ọ̀sẹ̀ kan tó kù kí ìdánwò dé kò lè gbà á. Monument Valley ti ọdún 2014 kúrú, ó sì rẹwà lójú, ṣùgbọ́n kò le tó.

Ohun tí mo fi wọ̀n wọ́n

Àkọ́kọ́ ni ìrìn. Kí ni gèémù náà gbà lọ́wọ́ yín, kí ló sì fi rọ́pò rẹ̀? Bí òfin ìrìn náà bá kàn jẹ́ ẹ̀ṣọ́, tó fi jẹ́ pé lẹ́yìn ìpele karùn-ún kò ní nǹkan tuntun tó lè fi hàn yín mọ́, mi ò kà á sí.

Èkejì ló sábà máa ń mú kí èèyàn ra ohun tí kò yẹ ẹ́: ṣé ọwọ́ ló máa nira fún ni, àbí orí? Gèémù kan wà tó jẹ́ pé ẹ ti mọ ọ̀nà tipẹ́, ìka yín ni kò tètè dé ibẹ̀. Òmíràn á fún yín ní gbogbo àsìkò tó wà láyé, èrò ni kò ní tíì yọ. "Gèémù tó le" la ń pe méjèèjì, bẹ́ẹ̀ wọn kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Ẹni tó lè tẹjú mọ́ ihò 12 ọpọ́n ayò fún ìṣẹ́jú mẹ́ta kó tó fọwọ́ kan ọmọ ayò, kì í sábà fẹ́ kí nǹkan máa lé òun kiri.

Ẹ̀kẹta ni iná àti dátà. Bí iná bá lọ ní agogo mẹ́jọ alẹ́, ṣé mo lè máa bá eré náà lọ lórí fóònù? Bí bátìrì láptọ́ọ̀pù bá kú, ṣé á ti tọ́jú ibi tí mo dé? Báwo ló ṣe wúwo tó láti gbà sílẹ̀, ṣé á sì tún máa béèrè íntánẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn náà?

Owó ló kẹ́yìn. Dọ́là ni Steam, ilé ìtajà gèémù orí íntánẹ́ẹ̀tì, fi ń kọ iye owó fún àwa tó wà ní Nàìjíríà, nítorí náà dọ́là ni mo máa fi sọ ọ́, ẹ fi iye tí náírà bá jẹ́ lọ́jọ́ náà ṣe ìṣirò. Kí ẹ tó fọkàn sí gèémù kankan, ẹ kọ́kọ́ bi báńkì yín bóyá káàdì náírà yín lè sanwó dọ́là lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mo ti jókòó di ọ̀gànjọ́ òru rí, tí káàdì mi ń kọ̀ léraléra, tí mo rò pé nọ́ńbà ni mò ń tẹ̀ ṣì. Ilẹ̀ mọ́ kí n tó mọ̀ pé wọ́n ti dá ìnáwó ilẹ̀ òkèèrè dúró lórí káàdì náà, wọn ò sì sọ fún mi. Ohun kan tó ń fi èèyàn lọ́kàn balẹ̀ ni pé Steam máa ń dá owó padà tí ẹ bá béèrè láàárín ọjọ́ 14, tí ẹ kò sì tíì ṣe gèémù náà tó wákàtí méjì. Fún irú eré báyìí, wákàtí kan péré ti tó láti mọ̀ bóyá ó bá yín lára mu.

VVVVVV: ẹni tí kò lè fò

Terry Cavanagh, ọmọ ilẹ̀ Ireland, ló ṣe é, ó sì jáde ní oṣù kìíní ọdún 2010. Ọkọ̀ òfuurufú kan kó sínú wàhálà, àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ fọ́n ká sí ayé tí wọn ò mọ̀. Ẹ̀yin ni ọ̀gá ọkọ̀, Captain Viridian, ẹ sì gbọ́dọ̀ lọ kó wọn jọ. Àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, V ló bẹ̀rẹ̀ orúkọ wọn. Ẹ tún wo lẹ́tà V náà dáadáa: ó jọ ẹ̀gún, ẹ̀gún ló sì kún gbogbo ibẹ̀.

Ọ̀gá ọkọ̀ yìí kò lè fò. Kò sí bọ́tìnnì fífò rárá. Ohun tó lè ṣe ni pé kó yí agbára tó ń fà á wálẹ̀ padà, kó máa fà á lọ sókè. Ẹ tẹ bọ́tìnnì kan, ó já lọ sókè, ó fẹsẹ̀ tẹ àjà, ó sì ń rìn lọ níbẹ̀ bí ẹni tó ń najú ní Alágbàká. Ṣùgbọ́n kò lè tún un yí nínú afẹ́fẹ́, àfi kí ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ́kọ́ kan nǹkan. Òfin kékeré yẹn ni gbogbo eré náà rọ̀ mọ́.

Ẹ wo ohun tó tìdí rẹ̀ jáde. Òkìtì tí kò ga ju orúnkún lọ ti di òkè ńlá. Ibi tí ọmọ ọdún mẹ́ta á ti gbẹ́sẹ̀ kọjá, ọ̀gá ọkọ̀ kò lè kọjá, torí bó bá ti gbéra sókè, ó ti lọ nìyẹn, kò sí ìdúró láàárín. Ibẹ̀ ni Cavanagh ti rí apá tí gbogbo ẹni tó ti ṣe gèémù yìí mọ̀ sí Veni, Vidi, Vici. Òkìtì kékeré kan dí yín lọ́nà, ohun dídán kan ń tàn lódìkejì rẹ̀. Kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹ ní láti já sókè gba inú yàrá lórí yàrá tí ẹ̀gún tò sí lọ́tùn-ún lósì, kí ẹsẹ̀ yín kan ohun tó wà lókè pátápátá, kí ẹ sì tún já gba gbogbo rẹ̀ padà wálẹ̀ láìfara kan ẹ̀gún kan. Ìṣísẹ̀ kan ṣoṣo lẹ fẹ́ ṣí o.

Mo kú níbẹ̀ ju ìgbà 100 lọ, inú ò sì bí mi. Bí ẹ bá ti kú báyìí, kí ojú yín tó ṣẹ́, ẹ ti padà sí ibi ìsinmi tó gbẹ̀yìn. Kò sí ẹni tó ń ka iye ẹ̀mí tó kù fún yín. Ẹni tó ti gun òkè Ìdànrè á mọ ohun tí mò ń sọ: àtẹ̀gùn ibẹ̀ lé ní 600, ṣùgbọ́n ibi ìsinmi kan sí èkejì lèèyàn ń gùn, kì í ronú nípa gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ibi ìsinmi pọ̀ nínú gèémù yìí débi pé ẹsẹ̀ bàtà mélòó kan ló wà láàárín méjì nígbà mìíràn. Orin tí Magnus Pålsson kọ sínú rẹ̀ náà kì í jẹ́ kí ìgbìyànjú sú èèyàn.

Ọwọ́ ló máa nira fún jù níhìn-ín. Ẹ ó tètè mọ ọ̀nà. Kí ìka tẹ̀ ẹ́ lásìkò ni iṣẹ́. Fún ẹni tí ìka rẹ̀ kò yá, tàbí tí ara rẹ̀ kò gbà á, ètò wà nínú rẹ̀ tó ń mú eré náà falẹ̀, òmíràn sì wà tí ẹ̀gún kò fi ní pa yín rárá. Ẹ má tijú láti lò wọ́n.

Nǹkan bíi dọ́là 5 ni lórí Steam. Ó ti wà lórí Android láti ọdún 2014, kò wúwo, kò sì béèrè íntánẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbà á sílẹ̀. Wákàtí méjì sí mẹ́ta lẹ máa fi dé òpin ìtàn rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kó gbogbo ohun dídán 20 náà jọ á pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo fẹ́ràn kíbọ́ọ̀dù ju ojú fóònù lọ fún un, torí àtàǹpàkò máa ń yọ̀ níbi tó le. Fún ẹni tí kò fẹ́ náwó, ẹ̀dà kan wà tí wọ́n pè ní Make and Play Edition, ọ̀fẹ́ ni. Ìtàn gidi náà kò sí nínú rẹ̀, àmọ́ ẹ lè fi ṣe àwọn ìpele tí àwọn èèyàn mìíràn kọ́, ẹ sì lè kọ́ tiyín. Cavanagh tún ṣí kóòdù gèémù náà sílẹ̀ lọ́dún 2020, nígbà tó pé ọdún mẹ́wàá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní FUTA, ẹ lọ kà á. Kò sí ìwé tó lè fi hàn yín bẹ́ẹ̀ bí ẹnì kan ṣoṣo ṣe ń kọ́ gèémù láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Bloxorz: búlọ́ọ̀kù tó ń yí

Damien Clarke ló ṣe èyí lọ́dún 2007. Ẹ fojú inú wo búlọ́ọ̀kù kan tí gígùn rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì ìbú rẹ̀. Kì í rìn, yíyí ló ń yí. Bó bá wà lóòró, tí ẹ yí i, ó sùn sílẹ̀. Bó bá sùn, tí ẹ tì í síbi orí rẹ̀, ó dìde dúró. Tí ẹ bá tì í síbi ẹ̀gbẹ́, ó kàn ń yí gbirigbiri lórí ìsùn rẹ̀. Ihò onígun mẹ́rin kan wà lórí pèpéle náà, àfi kó dúró ṣánṣán lórí ihò yẹn kó tó lè bọ́ sínú rẹ̀. Bí apá kan rẹ̀ bá yọ sí etí pèpéle, ó já bọ́, ẹ ó sì bẹ̀rẹ̀ ìpele náà láti ìpilẹ̀.

Ìpele 33 ni. Táìsì, ìyẹn àwọn onígun mẹ́rin tí wọ́n fi tẹ́ pèpéle náà, aláwọ̀ ọsàn wà nínú wọn tí kò lè gba búlọ́ọ̀kù tó dúró, èyí tó sùn nìkan ló lè gbà. Bọ́tìnnì kan wà tó jẹ́ pé bí ara rẹ̀ bá ti kàn án, afárá á ṣí. Òmíràn tó ní àmì X kò ní dáhùn àfi bí búlọ́ọ̀kù bá dúró lé e lórí. Nígbà tó yá, wọ́n á gé e sí méjì, kí ẹ máa darí ìlàjì kọ̀ọ̀kan títí tí wọ́n á fi tún pàdé.

Ohun kan wà tí mi ò bá ti fẹ́ kí n pẹ́ kí n tó mọ̀, mo sì fi ta yín lọ́rẹ. Bí búlọ́ọ̀kù bá dúró lórí táìsì kan, tí ẹ yí i lẹ́ẹ̀mejì síbi kan náà, orí táìsì kẹta ló máa dúró sí. Mẹ́ta-mẹ́ta ló ń dìde. Nítorí náà, ẹ dúró níbi ihò, kí ẹ máa ka táìsì padà sẹ́yìn ní mẹ́ta-mẹ́ta. Bí ibi tí ẹ wà kò bá bọ́ sínú òǹkà yẹn, a jẹ́ pé ẹ gbọ́dọ̀ wá ibi tí ẹ ti lè fi ẹ̀gbẹ́ yí i kí ìṣirò tó bára mu. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ èyí ni gèémù náà ti yí padà lójú mi, mo kúrò nínú ẹni tó ń já bọ́ káàkiri, mo di ẹni tó ń ṣe ìṣirò.

Orí nìkan ló ń fẹ́, kò sẹ́ni tó ń lé yín. Ọ̀fẹ́ ni, láti ìbẹ̀rẹ̀ wá. Àléébù rẹ̀ méjì ni: kò sí bí ẹ ṣe lè dá ìṣísẹ̀ kan ṣoṣo padà, àṣìṣe kan lẹ́yìn 50 ìṣísẹ̀ á dá yín padà síbẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà, Flash, ètò tí wọ́n fi ń ṣe gèémù orí íntánẹ́ẹ̀tì láyé ọjọ́un, ni wọ́n fi kọ́ ọ, Adobe tó ni ín sì ti jáwọ́ nínú rẹ̀ ní 31 oṣù kejìlá ọdún 2020. Ohun tẹ́ ẹ máa rí báyìí ni ẹ̀dà tó ń gba inú Ruffle, ètò tó ń jẹ́ kí gèémù Flash ṣì ṣeé ṣe, ṣiṣẹ́, tàbí èyí tí àwọn ẹlòmíràn tún kọ́. Ẹ ṣọ́ra fún èyí tí ìpolówó bo ojú rẹ̀. Ìpele kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà ìwọlé oní-dígíìtì mẹ́fà tirẹ̀, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé. Bí iná bá lọ, nọ́ńbà yẹn ló máa dá yín padà síbi tí ẹ dé.

Snakebird: ẹyẹ tó gùn bí ejò

Ṣé ẹ rántí ejò orí fóònù Nokia ayé àtijọ́? Ẹ mú un, kí ẹ sọ ọ́ di ẹyẹ aláwọ̀ mèremère, kí ẹ wá jẹ́ kó wúwo. Ohun tí Noumenon Games ní Sweden ṣe lọ́dún 2015 nìyẹn. Orí ló ń ṣáájú, ara ń tẹ̀ lé e, kò lè fi ẹ̀yìn rìn. Bí kò bá sí apá kankan lára rẹ̀ tó gbé ara lé nǹkan, ó já bọ́. Èso wà tó gbọ́dọ̀ jẹ tán kí ọ̀nà àbájáde tó ṣí, èso kọ̀ọ̀kan ló sì ń mú un gùn sí i. Gígùn yẹn ni àkàbà yín, òun náà ni afárá yín, òun náà ló sì máa dí yín lọ́nà lọ́la.

Ẹ má jẹ́ kí àwọ̀ rẹ̀ tàn yín. Mo wọ ọkọ̀ láti Àkúrẹ́ lọ sí ìlú Òǹdó lọ́jọ́ kan, ìpele kan ṣoṣo ni mo tẹjú mọ́ ní gbogbo ọ̀nà, mo sọ̀kalẹ̀ láì rí ojútùú rẹ̀. Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, òun ló le jù fún orí, mi ò sì ní parọ́ fún yín pé ọ̀sẹ̀ kan á tó o. Ohun tó jẹ́ kí n fi kún wọn ni pé ìpele kọ̀ọ̀kan kéré, gbogbo rẹ̀ ló hàn lójú fóònù kan ṣoṣo, ẹ sì lè dá ìṣísẹ̀ padà títí dé ìbẹ̀rẹ̀ láìsí ìyà kankan. Ó bá fóònù mu ju ti gbogbo wọn lọ: ẹ gbé e sílẹ̀ nígbà tí wọ́n bá pè yín, ẹ padà, ẹyẹ náà ṣì ń dúró dè yín.

Snakebird Primer, tó jáde lọ́dún 2019, rọ̀ ju èyí lọ. Òun ni kí ẹ fún ọmọdé, òun sì ni kí àgbà tí kò tíì ṣe irú eré yìí rí fi bẹ̀rẹ̀.

Portal: ilẹ̀kùn méjì

Ọ̀pọ̀ yín ti gbọ́ nípa rẹ̀, mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Valve, ilé iṣẹ́ tó ni Steam, gbé e jáde lọ́dún 2007, láti ara gèémù kan tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ DigiPen ṣe, Narbacular Drop. Ìbọn kan wà lọ́wọ́ yín tó ń ṣí ilẹ̀kùn méjì sára ògiri, ọ̀kan búlúù, ọ̀kan aláwọ̀ ọsàn. Ẹ wọlé níbì kan, ẹ jáde níbòmíràn. Iyára tí ẹ bá gbé wọlé lẹ máa gbé jáde. Nítorí náà, ẹ já láti òkè sínú ilẹ̀kùn tó wà nílẹ̀, kí èyí tó wà lára ògiri sì sọ yín jáde bí òkúta kànnàkànnà. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo fo kòtò ńlá kan báyìí, ṣe ni mo dìde lórí àga.

Ọwọ́ àti orí pàdé níhìn-ín, ṣùgbọ́n méjèèjì kò le jù. Yàrá ìdánwò 19 ni, lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ tó kù wá ṣẹlẹ̀, wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin sì ti tó o. Ó ń fẹ́ kọ̀ǹpútà àti máòsì, ó ń fẹ́ dátà gígábáìtì mélòó kan, àmọ́ torí pé ó ti pẹ́, láptọ́ọ̀pù tí kò lágbára púpọ̀ náà lè gbé e. Owó rẹ̀ wà ní nǹkan bíi dọ́là 10; ẹ má sáré rà á ní iye yẹn, torí Valve máa ń já a wálẹ̀ sí nǹkan bíi dọ́là 1 nígbà ẹ̀dínwó. Bí òòyì bá máa ń kọ́ yín nínú ọkọ̀, ẹ rọra. Ìyàwó mi jókòó tì mí wò ó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó ní kí n bá òun pa á.

Ta ló yẹ kó mú èwo?

Ẹni tí kò ní dọ́là kan ṣoṣo láti ná, kó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Bloxorz, kó sì gba Make and Play ti VVVVVV mọ́ ọn. Kò sí ohun tó pàdánù.

Ẹni tó jẹ́ pé fóònù nìkan ló ní, tó ń lo ìṣẹ́jú mẹ́wàá níhìn-ín, mẹ́wàá lọ́hùn-ún, nínú ọkọ̀ tàbí lórí ìlà ní báńkì, Snakebird ni tirẹ̀. Bákan náà ni ẹni tí ara rẹ̀ kì í gba kí wọ́n kánjú sí i. Àgbàlagbà kan ní àdúgbò wa tó máa ń ta ayò lábẹ́ igi lọ́jọ́ Àìkú gba fóònù lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ kan, ó sì yanjú ìpele tí mo ti pa tì. Kò sẹ́ni tó gbà á padà lọ́wọ́ rẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ẹni tó ní láptọ́ọ̀pù, tó sì fẹ́ ìtàn tó máa pa á lẹ́rìn-ín pẹ̀lú ìrònú, kó dúró de ẹ̀dínwó kó ra Portal. Ẹni tí òòyì ń kọ́ kó fi í sílẹ̀.

Fún ẹni tó fẹ́ kúkúrú gan-an, tó fẹ́ líle gan-an, tí ìka rẹ̀ sì yá, mi ò ní bò ó, VVVVVV ni mo máa gbé lé e lọ́wọ́ kó tó béèrè tán. Òun ni mo sọ fún àbúrò mi. Alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ ló bẹ̀rẹ̀, ó ti kó gbogbo òṣìṣẹ́ ọkọ̀ délé kó tó di ọjọ́ Àìkú. Ohun dídán 19 ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó pè mí lánàá. Èyí tó kù wà lẹ́yìn òkìtì tí kò ga dé orúnkún yẹn, ó sì ní òun á padà síbẹ̀ tí ìdánwò bá parí.